Archimedes: bàbá tó fi igun 96 há òbìrìkìtì mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 ló fa ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń ṣe. Wọ́n ní kó ṣírò àyíká òbìrìkìtì kan, ó wá bi mí pé kí ni páì. Mo dá a lóhùn kíá pé 22 lórí 7 ni. Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní poli tí mo ti gba dípúlómà mi. Ọmọ yìí ò bá mi jiyàn. Ó kàn mú fóònù mi, ó fi 7 pín 22, ó rí 3.142857. Ó tún tẹ ibi tí àmì páì wà, ó rí 3.141592. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó fẹ́ mọ èwo ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ sùn, pé màá wá a. Òru ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa bàbá kan tó ti kú láti ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Archimedes ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo bá pàdé nínú ayé bàbá náà ju ọ̀rọ̀ páì lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ fún yín. Ẹ má sá o, ìṣirò inú rẹ̀ ò le.

Ọmọ Syracuse

Ní nǹkan bí ọdún 287 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n bí Archimedes ní ìlú Syracuse. Etí òkun ni ìlú náà wà, ní erékùṣù Sicily tó wà lábẹ́ Ítálì lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn Gíríìkì ló ń gbé ibẹ̀, èdè Gíríìkì sì ni wọ́n ń sọ. Phidias ni orúkọ bàbá tó bí i, iṣẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ lòun náà ń ṣe. Archimedes fúnra rẹ̀ ló dárúkọ bàbá rẹ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó kọ. Ọba Hiero Kejì ló wà lórí oyè ní Syracuse lásìkò náà, Archimedes sì sún mọ́ ààfin dáadáa.

Mo mọ̀ pé ìtàn tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti adé wúrà ọba, pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọgbọ́n sọ sí i lọ́kàn, ló bá sáré já sí ìgboro níhòòhò. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ kò sí i nínú àwọn ìwé Archimedes tó ṣẹ́ kù fún wa. Vitruvius, ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan ní Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ló kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí àpẹẹrẹ, ìwà kan wà tó máa ń hù sí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Alexandria ní Íjíbítì. Ibẹ̀ ni ojúkò ìmọ̀ nígbà náà, òun náà sì máa ń kọ lẹ́tà sí wọn, á sọ ohun tó ṣàwárí fún wọn, ṣùgbọ́n á fi ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́ kí àwọn náà lè dán an wò. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń ní àwọn náà ti mọ̀, tí wọn ò sì ní ẹ̀rí kankan. Ló bá dọ́gbọ́n, ó ki ohun méjì tí kò jóòótọ́ bọ àárín àwọn òótọ́ tó fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá ló wá jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ìlà tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó bá ti láwọn ti rí gbogbo rẹ̀ yanjú ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé òun rí ohun tí kò sí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí irú ọkùnrin tí a fẹ́ bá pàdé nìyẹn. Kò fẹ́ràn kéèyàn sọ pé òun mọ ohun tí kò mọ̀.

Ògiri inú àti ògiri ìta

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí òbìrìkìtì. Ẹ fojú inú wo kànga róbótó kan tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ìyẹn ìlà tó gba àárín rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì. Tí a bá fẹ́ fi okùn yí etí kànga náà po, báwo ni okùn náà á ṣe gùn tó? Iye mítà yẹn gan-an là ń pè ní páì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé rúlà kò lè wọn ohun tó tẹ̀. Ohun tó bá lọ tààrà nìkan la lè fi rúlà wọ̀n.

Archimedes kò fi ipá wọn ohun tó tẹ̀. Ó ya onígun mẹ́fà kan sínú òbìrìkìtì, tí gbogbo igun rẹ̀ kan etí. Ó tún ya òmíràn síta, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fara kan òbìrìkìtì náà. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan onígun mẹ́fà ti inú gùn tó ìdajì ìdábùú, ìyẹn ìdajì mítà. Mẹ́fà irú rẹ̀ jẹ́ mítà 3 géérégé. Ti ìta jẹ́ mítà 3.4641 tí a bá fi kọ̀ǹpútà òde òní ṣe é. Òbìrìkìtì wà láàárín àwọn méjèèjì, torí náà páì ju 3 lọ, kò sì tó 3.4641. A ò tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ a ti há a mọ́.

Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ igun náà di ìlọ́po méjì. Onígun 12: ti inú jẹ́ 3.1058, ti ìta jẹ́ 3.2154. Onígun 24: 3.1326 àti 3.1597. Onígun 48: 3.1394 àti 3.1461. Onígun 96: 3.1410 àti 3.1427. Ẹ rí i bí ògiri méjèèjì ṣe ń sún mọ́ra? Ti inú ń ga sí i, ti ìta ń wálẹ̀, páì há sáàárín, kò rí ọ̀nà sá lọ.

Ẹ má gbàgbé pé bàbá yìí kò ní kọ̀ǹpútà. Kò ní òdo, kò ní àmì tí à ń fi sí àárín nọ́ńbà bí irú 3.14 yìí. Lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni àwọn Gíríìkì ń fi kọ nọ́ńbà. Ìdá lórí ìdá ló ń ṣe, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ gé nǹkan kúrò kó lè rọrùn, ó ní láti ríi pé ibi tí òun gé e sí kò ní ba ẹ̀rí òun jẹ́: fún ògiri inú, á gé e kó kéré díẹ̀; fún ògiri ìta, á jẹ́ kó fi díẹ̀ tóbi. Níkẹyìn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé páì kò tó 3 àti ìdá 1 nínú 7, pé ó sì ju 3 àti ìdá 10 nínú 71 lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, 3 àti ìdá 1 nínú 7 ni 22 lórí 7! Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé òun ni páì, ògiri ìta lásán ni. Ẹni tó wá a rí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé páì kò dé ibẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ògiri méjèèjì kò ju ìdá 1 nínú 497 lọ. Lórí kànga wa yẹn, mìlímítà 2 ni. Bàbá tí kò ní òdo fi okùn há òbìrìkìtì mọ́ inú mìlímítà 2.

Ṣé onígun máa di òbìrìkìtì?

Ìbéèrè tí mo tún rò lóru ọjọ́ náà nìyí. Tí a bá ń sọ igun di ìlọ́po méjì lọ títí, 192, 384, 768, ṣé ìgbà kan ń bọ̀ tí onígun náà á di òbìrìkìtì? Rárá o. Onígun mílíọ̀nù ṣì ní igun mílíọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì lọ tààrà, bó ti wù kó kéré tó. Kò sí èyí tó kẹ́yìn. Níbi tí ẹ bá dúró sí, àlàfo ṣì wà.

Ẹ̀rù àìlópin yìí ń ba àwọn Gíríìkì gan-an. Kí Archimedes tó dé rárá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zeno ti pa ìtàn sárésáré kan àti ìjàpá, tó fi dà wọ́n lọ́pọlọ rú. Ó ní tí ìjàpá bá ti ṣíwájú díẹ̀, kí sárésáré náà tó dé ibi tí ìjàpá wà, ìjàpá á ti kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa rí lọ títí láé, kò sì ní bá a. Ìjàpá kọ́ ni kò mọ ọgbọ́n, àwọn Gíríìkì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tí Archimedes lò, ọ̀dọ̀ Eudoxus tó ṣáájú rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, òun náà sì fún Eudoxus ní ìyìn tó tọ́ sí i. Ó fẹ́ fi hàn pé ààyè inú òbìrìkìtì dọ́gba pẹ̀lú ti onígun mẹ́ta kan tí ìdí rẹ̀ gùn tó àyíká òbìrìkìtì náà, tó sì ga tó ìdajì ìdábùú rẹ̀. Kò sọ pé onígun máa di òbìrìkìtì lọ́jọ́ kan. Bí agbẹjọ́rò ló ṣe ṣe é. Tí ẹnì kan bá ní òbìrìkìtì náà fi ohun kékeré kan tóbi ju onígun mẹ́ta yẹn lọ, ó ní òun á rí onígun púpọ̀ kan tí àlàfo rẹ̀ kéré ju ohun kékeré náà lọ, ọ̀rọ̀ olúwa rẹ̀ á sì ta ko ara rẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá ní ó kéré jù, ó tún ní onígun tìyẹn nílẹ̀, ti ìta. Kò tóbi jù, kò kéré jù, ibo ló kù? Ó dọ́gba nìyẹn.

Ó tún ṣe irú rẹ̀ mìíràn nígbà tó fẹ́ wọn ààyè tó wà lábẹ́ ìlà tó tẹ̀ bí ọ̀nà tí òkò ń gbà tí a bá jù ú. Nídìí iṣẹ́ náà, ó ní láti ro ìdá 1 nínú 4, àti ìdá 1 nínú 16, àti ìdá 1 nínú 64 pọ̀, lọ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ mi nìyí: fojú inú wo búrẹ́dì kan àti ọmọ mẹ́ta. Gé búrẹ́dì náà sí mẹ́rin ọgbọọgba, kí kálukú mú ọ̀kan, ó ku ọ̀kan. Gé ọ̀kan tó kù sí mẹ́rin, kí kálukú tún mú ọ̀kan, ó tún ku ọ̀kan. Máa gé e lọ. Kò sí ìgbà tí ipin ọmọ kankan máa ju ìdá 1 nínú 3 búrẹ́dì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ṣẹ́ kù ń di èérún, ó ń di ohun tí ojú ò rí. Kò sí iye kankan tó kéré sí ìdá 1 nínú 3 tí a lè tọ́ka sí pé ibí ni ipin wọn máa dúró. Òpin ọ̀rọ̀ náà, ìdá 1 nínú 3 ni. Nǹkan tí kò lópin ló gé, àmọ́ ó ní ààlà tí kò lè kọjá.

Ó ka yanrìn

Àwa Yorùbá, tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀ kọjá kíkà, a lè ní ó pọ̀ bíi yanrìn etí òkun. Àwọn Gíríìkì náà máa ń sọ irú ẹ̀. Archimedes ní rárá, ohun tó pọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kò lópin. Ó kọ ìwé kan sí Gelon, ọmọ Ọba Hiero, ó ní ká tiẹ̀ sọ pé yanrìn kún gbogbo àgbáyé láti ilẹ̀ dé ibi tí àwọn ìràwọ̀ wà, òun á sọ iye tí kò lè kọjá. Nọ́ńbà tí àwọn Gíríìkì ní kò tó o, ló bá ṣẹ̀dá ọ̀nà tuntun láti pe nọ́ńbà. Tí a bá kọ ìdáhùn rẹ̀ lóde òní, 1 tí òdo 63 tẹ̀ lé ni. Ó ní yanrìn náà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ohun kan náà ló ṣe: kò sọ iye yanrìn, ògiri ló mọ fún un.

Ọjọ́ tí ogun wọlé

Ọba Hiero kú lọ́dún 215 kí wọ́n tó bí Jésù. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá Róòmù ṣọ̀rẹ́, àmọ́ àwọn tó gbapò lẹ́yìn rẹ̀ lọ gbá ti Carthage, ìlú ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà, níbi tí Tùnísíà wà lónìí. Carthage àti Róòmù sì ń jà lọ́wọ́. Ni Róòmù bá rán ọ̀gágun Marcellus sí Syracuse.

Archimedes ti di arúgbó, ó ti lé ní 70 ọdún, ṣùgbọ́n òun ni ìlú gbójú lé. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń ju òkúta ńlá, ó ṣe èyí tó ń fi ìkọ́ gbé ọkọ̀ ojú omi sókè tí á sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Plutarch, òǹkọ̀tàn kan, sọ pé ìgbà kan dé tó jẹ́ pé tí àwọn ọmọ ogun Róòmù bá ti rí okùn tàbí igi lásán lórí ògiri ìlú, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Marcellus kò lè wọlé. Ó kàn jókòó yí ìlú ká, ó ń dúró. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ìlú ń ṣọdún òrìṣà wọn, tí ọtí ti ń pa wọ́n, àwọn ọmọ ogun gun ògiri wọlé. Lọ́dún 212, Syracuse ṣubú.

Ọmọ ogun Róòmù kan ló pa Archimedes. Plutarch kọ ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n gbà ń sọ ọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwòrán ìṣirò kan ló ń wò, tó gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìlú ti bọ́. Ọmọ ogun náà ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ Marcellus, ó ní àfi tí òun bá parí ohun tó wà níwájú òun. Wọ́n ní inú Marcellus bàjẹ́ gidi nígbà tó gbọ́. Ẹni tó há òbìrìkìtì mọ́, ìdà ló há òun náà mọ́.

Ó ti sọ pé kí wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀lù kan tó wà nínú agolo sórí ibojì òun, nítorí òun ló ṣàwárí pé ààyè inú bọ́ọ̀lù jẹ́ ìdá 2 nínú 3 ti agolo tó gbà á géérégé. Wọ́n ṣe é fún un. Àmọ́ lọ́dún 75 kí wọ́n tó bí Jésù, nígbà tí Cicero, òṣìṣẹ́ ìjọba Róòmù, dé Syracuse, àwọn ọmọ ìlú sọ fún un pé kò sí irú ibojì bẹ́ẹ̀. Òun àlejò ló wá a kiri, tó rí bọ́ọ̀lù àti agolo náà láàárín ẹ̀gún, tó ní kí wọ́n ṣán an. Àwọn ará ilé ti gbàgbé.

Ìwé rẹ̀ kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Lọ́dún 1229, wọ́n ha ọ̀rọ̀ inú ìwé aláwọ kan tí wọ́n da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí, wọ́n kọ àdúrà sórí rẹ̀. Heiberg, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Denmark, ló dá a mọ̀ ní Constantinople lọ́dún 1906. Ìwé náà tún sọnù. Lọ́dún 1998, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York, 2 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Walters ní Baltimore, níbi tí wọ́n ti fi bí ọdún mẹ́wàá fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi ka ohun tó wà lábẹ́ àdúrà náà. Lẹ́tà tó kọ sí Eratosthenes ní Alexandria wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti tú àṣírí pé òun máa ń gé nǹkan sí ìlà tín-tìn-tín láìlóǹkà, òun á wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n nínú ọkàn òun, bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń mọ ìdáhùn. Ó wá fi kún un pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ọ̀nà ìwádìí lásán ni. Ẹ tún rí i. Ó mọ ìdáhùn, síbẹ̀ ó kọ̀ láti pè é ní ẹ̀rí.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò dúró síbi 96. Liu Hui ní Ṣáínà dé onígun 3,072 ní nǹkan bí ọdún 263 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ludolph van Ceulen tó kú ní Holland lọ́dún 1610 rí nọ́ńbà 35 lẹ́yìn àmì ìdá. Lọ́dún 1761, Lambert wá fi hàn pé kò sí ìdá kankan, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, tó lè jẹ́ páì láéláé. Ẹ ò rí i pé kò sí bí 22 lórí 7 ṣe lè jẹ́ òun.

Nígbà tí ọmọ mi jí, mo sọ fún un pé kò sí èyí tó parọ́ nínú nọ́ńbà méjèèjì, èmi ni mo parọ́, torí mo ní ògiri ni ilé. Fóònù náà sì gé páì níbi tí àyè rẹ̀ mọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lára mi, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ ìròyìn. Nígbà kan, mo kọ iye èèyàn tó wá síbi ìwọ́de kan. Ẹnì kan ló sọ ọ́ sí mi létí, mo sì gbé e jáde bí ẹni pé mo kà wọ́n. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀, ó dín sí ìdajì tèmi, a wá ń bá ara wa jà. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n nínú wa. Tí mo bá kọ pé wọn ò lè dín sí báyìí, wọn ò sì lè ju báyìí lọ, kí n sì sọ bí mo ṣe mọ̀, òótọ́ ni ì bá jẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà “láàárín” ti ń wọ ìròyìn mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ mi ní tirẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé òun lo 22 lórí 7, pé ó fi díẹ̀ tóbi ju páì lọ. Mi ò mọ bóyá tíṣà rẹ̀ máa fún un ní máàkì tàbí ó máa fà á ní pẹ́ńsù pupa. Ẹ̀yin náà, ẹ mú fóònù yín. Ẹ fi 7 pín 22, ẹ fi 71 pín 223. Àárín méjèèjì ni páì wà, láti ìgbà ayé Archimedes títí di àárọ̀ òní.